Àwòrán Tí Norma Zanatta Kọ̀ Láti Tà

Eruku ló kọ́kọ́ jẹ́ kí Norma Zanatta fura. Ó ti gbá pálọ̀ rẹ̀ lálẹ́ àná, ó sì ti fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ pákó náà títí tó fi ń dán. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ife kọ́fí rẹ̀ débẹ̀ láàárọ̀, eruku funfun kan ti tò gbọọrọ sílẹ̀ lábẹ́ àwòrán tuntun tó gbé kọ́, bí ẹni pé ẹnìkan ku ìyẹ̀fun láti etí férémù. Ó fi ìka kàn án. Kì í ṣe eruku ilé. Ó ń họni lọ́wọ́, ó sì ń rùn bí òkúta tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ lù.

Òórùn yẹn kò ṣàjèjì sí i. Kò sí ọmọ ìlú Calder Notch tí kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ akọ òkúta ni wọ́n fi ń jẹun ní gbogbo òkè Vermont níhìn-ín. Láti Ítálì ni àwọn baba ńlá Norma ti gbé òòlù wá, àwọn ni wọ́n sì gbẹ́ òkúta ibojì fún ìlú tó sún mọ́ àti èyí tó jìnnà, títí eruku iṣẹ́ fi sọ àwọn náà di ẹni tí à ń gbẹ́ òkúta ibojì fún. Giacinto, bàbá tó bí bàbá Norma, kò hu ewú kan kó tó kú. Norma kò bá a láyé. Ikọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀, nítorí bí bàbá Norma bá ti mu wáìnì yó, á máa sín ikọ́ bàbá rẹ̀ jẹ, omijé á sì máa dà lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ti ọgbà iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn pa. Kò sí ibi tí eruku òkúta tún lè gbà wọ ilé.

Norma gbá a, ó dà á nù. Nígbà tó di ọ̀sán, òmíràn ti wà níbẹ̀.

Ibi gbàǹjo Hollis Tarbell ló ti ra àwòrán náà. Inú abà àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni Hollis ti máa ń lu ọjà àlòkù ní gbàǹjo, òun àti Norma sì ti ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ láti ìgbà tí Norma ti ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé, kó tó fẹ̀yìn tì.

"Norma, ògiri rẹ ò tíì kún ni?" Hollis kígbe sí i bó ṣe ń wọlé. "Ṣé àjà lo fẹ́ máa kàn wọ́n mọ́ báyìí?"

"Bí àjà bá kún, ẹ̀yìn rẹ ni màá kan ìyókù mọ́. Ó kúkú fẹ̀ tó. Yí èyí tó dojú kọ ògiri yẹn padà, jẹ́ n wò ó."

Ẹ̀rín kúrò lójú Hollis díẹ̀. "Mi ò mọ ẹni tó ń dojú ẹ̀ kọ ògiri. Mo tò ó síta bíi ti àwọn yòókù láàárọ̀. Mo tún un tò. Bí mo bá ti gbójú kúrò, á ti yí padà."

Àwọn àwòrán tí ìjọba sanwó rẹ̀ ni Norma ń kó jọ, ti ayé ìgbà tí ọ̀dá owó dá Amẹ́ríkà, tí báńkì ń kógbá sílé, tí àgbàlagbà ọkùnrin ń tò lójú pópó nítorí búrẹ́dì. Ìjọba ìgbà náà rò ó pé àwọn ayàwòrán pàápàá ní ikùn tí wọ́n máa bọ́. Wọ́n ń san owó iṣẹ́ fún wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ya ohun tí ojú wọn bá rí. Àwọn olówó tó ń ti New York wá rà á, orúkọ ayàwòrán ni wọ́n ń wá. Norma kò bìkítà fún orúkọ. Ojú àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló ń wá. "Ìgbà yẹn nìkan," ló máa ń wí, "ni wọ́n sanwó fún ẹnìkan kó tẹjú mọ́ irú wa."

Hollis yí àwòrán náà padà. Inú ọgbà iṣẹ́ òkúta ni. Eruku bo ibẹ̀ bí ìkùukùu, àwọn ọkùnrin sì dúró nídìí òkúta wọn, òòlù lọ́wọ́, irun ojú wọn funfun báláú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mabel Thorsen ló yà á. Ohun tó mú Norma dúró ni pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ń wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Gbogbo wọn ló yí ọrùn, tí wọ́n ń wo ẹ̀yìn ọgbà náà lọ́hùn-ún, ọ̀dà dúdú kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó ń dán bí ọ̀dà ojú títì tí oòrùn pa.

Ọkùnrin tó wà níwájú ní irunmú. Àgbọ̀n bàbá Norma wà lójú rẹ̀. Imú bàbá Norma wà lójú rẹ̀.

Norma nawọ́ nígbà tí gbàǹjo kàn án. Kò sẹ́ni tó bá a du ú, àfi ọkùnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà abà, tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú ọlọ́rùn onírun, bẹ́ẹ̀ ooru ń mú. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè. Ó gbé e sókè dáadáa, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Hollis kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó lu igi mọ́ tábìlì, ó ní Norma ló rà á.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Norma ń ro pólẹ́ńtà, ọkà àgbàdo àwọn ará Ítálì, lórí iná nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin oníkóòtù ọlọ́rùn onírun yẹn ni. Ó fi áńkáṣíìfù funfun bo imú, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó wà nílé òkú.

"Ẹ káàsán o, màdáàmù. Nítorí àwòrán yẹn ni mo ṣe wá. Iye tó bá wù yín, ẹ dá a lé e."

"Ẹ ṣé, sà. Mi ò tà á."

"Kò sí ohun tí èèyàn kì í tà."

"Ní ilé tiyín nìyẹn, sà. Nílé tèmi, ó wà."

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó na ọrùn díẹ̀, ó wo inú pálọ̀ lórí èjìká Norma, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà sí ibi tí àwòrán náà wà, bí ẹni tó ti mọ inú ilé tẹ́lẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ má tà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Bó ṣe wà yẹn ló dára. Ẹ fi ọ̀dà dúdú yẹn sílẹ̀."

Norma kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fífọ̀. Ọkùnrin náà yí padà, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ nínú òjò. Ìgbà náà ni Norma rí i pé bàtà rẹ̀ gbẹ. Ó wo ẹrẹ̀ ọ̀nà, kò rí ojú ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀. Orí ẹní ẹnu ọ̀nà nìkan ni ojú bàtà méjì wà, eruku funfun ló sì fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹlòmíràn ì bá gbé àwòrán náà padà fún Hollis lọ́jọ́ náà. Norma dúró lórí ẹní yẹn, àyà rẹ̀ ń já, ìbínú sì ń gun orí ìjáyà náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn fún un. Ó wọlé, ó gbé tẹlifóònù, ó pe Renata, ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ń fi fífọ àwòrán àtijọ́ ṣe iṣẹ́ ṣe ní Burlington.

"Àǹtí, kí ló dé tí ohùn yín rí báyẹn?"

"Kò sí nǹkan kan. Gbé òwú àti òògùn rẹ wá. Àwòrán kan wà tí ẹnìkan ní n kò gbọ́dọ̀ fọ̀."

Renata dé lọ́jọ́ Àìkú. Ó yọ àwòrán náà kúrò nínú férémù, ó sì dà á dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n fi irin gbígbóná tẹ òǹtẹ̀ ìjọba sára igi ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ wo èyí. Ara ilé ìjọba kan ni wọ́n ti yọ ọ́. Irú èyí kì í di ti ẹnikẹ́ni. Bó bá ti gba ọwọ́ èèyàn mélòó kọjá, ìjọba ló ṣì ni ín."

"Mo mọ òfin yẹn," ni Norma wí. Ó kúrò nídìí tábìlì, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wá ojú bàbá bàbá rẹ̀ káàkiri gbàǹjo. Nígbà tó rí i tán, wọ́n ní kì í ṣe tirẹ̀.

Renata yí àwòrán padà, ó ki òwú bọ òògùn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀dà dúdú náà. "Obìnrin tó ya ìyókù kọ́ ló kun èyí," ló ń wí bó ṣe ń nù ún. "Ọwọ́ obìnrin náà fúyẹ́. Ẹni tó kun èyí ń kánjú. Bóyá ẹ̀rù ló ń bà á."

Bàtà dídán ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù eérú. Norma ti padà wá sídìí tábìlì, kò sì lè jókòó. Òwú Renata gòkè, ọwọ́ kan yọ, ó di kọ́kọ́rọ́ mú. Lẹ́yìn ọwọ́ náà ni ẹ̀rọ ńlá kan wà, èyí tí wọ́n fi ń fa eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀. Kọ́là onírun tó wà lọ́rùn kóòtù yọ. Áńkáṣíìfù funfun yọ. Nínú gbogbo ọgbà yẹn, ọkùnrin yìí nìkan ló fi nǹkan bo imú.

Ojú rẹ̀ nìkan ló kù nígbà tí ikọ́ gbé Renata. Ó wú u títí ó fi di etí tábìlì mú. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, funfun ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ó tó," ni Norma wí. "Fi òògùn sílẹ̀. O ò sùn níbí lónìí."

Ó pe Hollis kó wá fi ọkọ̀ gbé Renata lọ. Hollis wọlé pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu, ó rí ohun tó wà lórí tábìlì, ẹ̀fẹ̀ náà sì kú sí i lẹ́nu.

"Prentiss Gowdy nìyẹn," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. "Ìyá mi àgbà máa ń sọ̀rọ̀ kọ́là yẹn. Òun ló ni ọgbà iṣẹ́ òkè odò. Nígbà táwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí eruku, ó ra ẹ̀rọ fún wọn, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ló bá tì í pa. Ó ní iná tó ń jẹ ti pọ̀ jù. Wọ́n ní obìnrin kan yà á sínú àwòrán ní pósọ́fíìsì, Gowdy sì rán ènìyàn lọ fi ọ̀dà kùn ún kó tó di ọjọ́ kejì. Mo rò pé ìtàn lásán ni."

"Òun ló kan ilẹ̀kùn mi lọ́jọ́ Ẹtì."

"Norma, má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti kú."

"Ó nawọ́ níbi gbàǹjo rẹ pàápàá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. O ò wò ó."

"Ẹnu ọ̀nà ni mo dojú kọ látàárọ̀ ọjọ́ yẹn." Hollis nu ojú. "Kò sẹ́nìkankan níbẹ̀. Dìde, ká jọ lọ. Ìwọ náà ò ní sùn níbí."

"Èmi ni mo ni ilé mi," ni Norma wí. "Ẹ máa lọ."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru ti bo gbogbo òkè. Norma ti inú yàrá rẹ̀ gbọ́ pé ẹnìkan ń mí nínú pálọ̀, èémí kúkúrú, bí ayùn tí ń rẹ́ pákó tútù. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde sí i.

Ọkùnrin náà dúró láàárín tábìlì àti ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí àwòrán. Eruku ń fò kiri inú yàrá, ó ń bà lé àga, ó ń bà lé ife, ó ń bà lé irun Norma.

"Ẹ ti ṣe púpọ̀," ló wí láti abẹ́ áńkáṣíìfù. "Ẹ kun ohun tí ẹ nù yẹn padà. Mo bẹ̀ yín. Ẹ ò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Inú ibẹ̀ ni mo wà, màdáàmù. Eruku ibẹ̀ kì í rọlẹ̀. Wọ́n ń wò mí. Wọn kì í ṣẹ́jú. Bí ọ̀dà bá bò mí, wọn kì í rí mi, mo sì lè jáde wá gba atẹ́gùn díẹ̀."

Norma wo ọkùnrin onírunmú inú àwòrán. Ó tún wo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún bàbá bàbá mi kó lọ gba atẹ́gùn?"

"Èmi ni mo kọ́ ìlú yìí."

"Irọ́ lo pa. Àwọn ló gbẹ́ ẹ. Ìwọ kàn di kọ́kọ́rọ́ mú ni."

Ọkùnrin náà sọ áńkáṣíìfù kalẹ̀ díẹ̀. Norma kò rí ẹnu lábẹ́ rẹ̀, dúdú dídán bí ọ̀dà ló rí níbẹ̀. "Gbọ́," ni ohùn náà wí, kò sì tún sọ pé ẹ mọ́. "Eruku yìí, inú àyà rẹ ló ń lọ. Bí o bá dáwọ́ dúró báyìí, o lè rí i wú jáde. Bí o bá fọ ojú mi, ibẹ̀ ló máa kọ́lé sí. Tà á fún mi. Ẹni tó bá ni ín nìkan ló lè pa mí mọ́. Dárúkọ ohunkóhun."

Norma sún mọ́ tábìlì. Ó fi ọwọ́ kan gbá etí àwòrán mú, ìka rẹ̀ sì bọ́ sí igi ẹ̀yìn rẹ̀, sórí òǹtẹ̀ tí wọ́n fi irin tẹ̀. Ó dùn ún dọ́kàn bíi ti àná. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ẹ̀rín tí òun fúnra rẹ̀ kò retí.

"Mi ò lè tà á fún ọ, Gowdy. Èmi kọ́ ni mo ni ín."

"Ìwọ lo rà á."

"Mo ra ohun tí kò ṣeé rà. Owó orí gbogbo wa ni wọ́n fi yà á. Owó orí Giacinto Zanatta wà níbẹ̀. Gbogbo ìlú tí o rà, èyí nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kò sì sí ẹni tó wà láyé tó lè dá iye lé e fún ọ."

Ó ki òwú bọ òògùn. Ọkùnrin náà ké, kì í ṣe igbe ènìyàn, igbe ẹ̀rọ ni, bí ìgbà tí irin bá há sínú òkúta. Eruku ru sókè débi pé Norma kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ikọ́ mú un. Ó ń wúkọ́, ó ń nu ojú àwòrán náà, ó ń wúkọ́, ó ń nù ún. Ó gbọ́ ohùn náà tó ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, lẹ́yìn náà ó ń ti iwájú wá, lẹ́yìn náà ó ń ti abẹ́ ìka rẹ̀ gan-an wá, kékeré, bí ohùn ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, òun nìkan ló wà nínú yàrá. Ojú Prentiss Gowdy wà nínú àwòrán, ó là kedere. Kò wo àwọn òṣìṣẹ́. Norma ló ń wò.

Nígbà tí Hollis wá bá a gbé àwòrán náà, ó gbìyànjú láti yí i lọ́kàn padà. "O mọ ohun tí àwọn ará New York á san lórí èyí, tó o bá panu mọ́ nípa òǹtẹ̀ yẹn?"

"Mo mọ̀," ni Norma dá a lóhùn. "Bá mi gbé apá kejì."

Ó kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ohun ìjọba, wọ́n sì gbà kí wọ́n gbé e kọ́ sílé ìkàwé Calder Notch, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wọlé wò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, àwọn arúgbó ti òkè àti ìsàlẹ̀ odò wá. Obìnrin kan tó ń tẹ̀ lórí ọ̀pá fọwọ́ kan afẹ́fẹ́ níwájú ọkùnrin kan nínú àwòrán, ó ní, "Papá." Ẹlòmíràn rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹkún sì ń gbọ̀n wọ́n. Nígbà tó yá, ojú gbogbo wọn lọ síbì kan náà. Wọ́n ti rí áńkáṣíìfù náà. Ó ń rọra wọlé, ó ń rọra jáde, bí aṣọ tó wà lẹ́nu ẹni tí ń mí. Kò sẹ́ni tó sá. Àwọn tó wà lẹ́yìn kàn sún mọ́ iwájú ni.

Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, dókítà gbé fọ́tò àyà Norma sójú iná, ó pẹ́ níbi tó ti ń wò ó.

"Ìyá Zanatta, ọdún mélòó lẹ fi ṣiṣẹ́ òkúta?"

"Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà."

"Eruku òkúta ló wà níbí, mà. Kì í ṣe ti ọjọ́ kan." Dókítà náà yí padà sí i, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Níbo lẹ ti fà á símú?"

"Ogún ìdílé wa ni," ni Norma wí. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó gba ìwé òògùn, ó ní òun dúpẹ́.

Kò darí sílé. Ó rìn lọ sílé ìkàwé, ó ń dúró sinmi ní ìdí igi lójú ọ̀nà. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà lọ́sàn-án yẹn. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti rí áńkáṣíìfù náà tó ń lọ tó ń bọ̀, ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan pákó yàrá, aṣọ náà dúró gbagidi. Gowdy ti rí i. Ó ti pa èémí mọ́ra.

"Mo ṣì wà níbí o," ni Norma wí.

Aṣọ náà kò mì. Norma fa àga kan sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé itan, ó sì ń dúró dè é kó mí.